Kókó Tí Ṣọ́bìrì Ń Ta

Tí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bíi pé ọwọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, Ṣọ́bìrì nìyẹn. Ẹ má kí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe agbéraga o, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló máa ń lò lórí omi, ọjọ́ mẹ́rin péré nílé, kó tó tún padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, oorun ló máa ń sùn. Ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ á máa bá a sọ̀rọ̀, òun á máa fi "hẹn" dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, títí ó fi máa sú obìnrin náà.

"Ọkọ mi, mo ní ilé ń jó, ẹ ní hẹn."

"Hẹn."

Ọkọ̀ edé ló ń bá ṣiṣẹ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé níbì kan, ṣùgbọ́n nítorí pé ṣọ́bìrì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, Ṣọ́bìrì náà ni wọ́n ń pè é, àwọn ará àdúgbò sì gbà á lẹ́nu wọn. Ọdún mọ́kànlá rèé. Ṣọ́bìrì mẹ́sàn-án ló ti gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn, òun nìkan ni wọn ò tíì pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí àwọn tó fẹ́ràn edé kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ní gbogbo wákàtí mẹ́rin, ilẹ̀ ìbáà mọ́, ilẹ̀ ìbáà ṣú, ẹ̀rọ á fa àwọ̀n wá sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Wọ́n á gbé ìdí àwọ̀n náà kọ́ sókè, omi á máa ro lára rẹ̀, ẹnì kan á tú u nísàlẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á dà wáà sórí pákó ọkọ̀. Edé ni wọ́n wá wá. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo òkìtì! Ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, akàn, ẹja pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ. Ṣọ́bìrì àti àwọn méjì mìíràn á kúnlẹ̀ tì í, wọ́n á máa fi igi pẹlẹbẹ ṣa edé jáde. Tí edé bá fi máa kún agbọ̀n kan, ìyókù á ti kún agbọ̀n mẹ́jọ. Edé á lọ sínú yìnyín. Ìyókù yẹn, Ṣọ́bìrì á dìde, á na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ro ó, á fi ṣọ́bìrì kó gbogbo rẹ̀ padà sínú òkun.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, ṣebí ó dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá ni, kí ló wá burú ńbẹ̀? Òkú ló ń dá padà. Ẹja tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ra wọn nínú àwọ̀n fún wákàtí mẹ́rin, tí wọ́n wá dà sínú oòrùn, kí ló kù tó fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́? Á kàn léfòó ni, á kọ ikùn sókè, àwọn ẹyẹ á wá ṣa èyí tí wọ́n bá lè ṣa. Nígbà tí Ṣọ́bìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ṣì ń ta pútúpútú ló máa ń kọ́kọ́ ṣa jù sómi. Ọ̀gá ọkọ̀ rí i lọ́jọ́ kan.

"Ṣé ìwọ lo bí wọn ni? Edé ni wọ́n ní ká wá kó. Gbá a dànù jàre, àwọ̀n mìíràn ń bọ̀."

Ó gbá a dànù. Látọjọ́ náà ló ti ń gbá a dànù. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà kan pé kì í ṣe ẹrù tó wúwo ló ń pa òun. Iṣẹ́ agbọ̀n mẹ́sàn-án ni òun ń ṣe, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń délé. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ wẹ̀, pé òórùn ẹja náà ti wọ ìrọ̀rí.

Òfin wà o. Òfin ní kí gbogbo àwọ̀n edé ní ihò ńlá kan lápá òkè, kí ẹja lè rí ibi gbà jáde, torí ẹja lè lúwẹ̀ẹ́ ju edé lọ. Fèrèsé ni wọ́n ń pè é nínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kúrò ní èbúté, fèrèsé á wà ní ṣíṣí, olùyẹ̀wò á wò ó, á tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé, á kí wọn pé ó dàbọ̀. Tí ojú wọn kò bá ti tó èbúté mọ́ báyìí, Ọ̀gá á pariwo láti òkè pé, "Ṣọ́bìrì, ti fèrèsé!" Torí edé díẹ̀ máa ń bá ẹja gba ibẹ̀ lọ, Ọ̀gá kò sì fẹ́ kí ẹyọ kan lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ Ṣọ́bìrì? Nítorí kókó tó máa ń ta ni. Àwọn olùyẹ̀wò ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń sáré, wọ́n lè yọ síni nígbàkigbà. Kókó ẹlòmíràn, tí omi òkun bá ti mu ún tán, òkúta ló ń dà, ọ̀bẹ ló máa tú u, okùn tí wọ́n bá sì fọ̀bẹ gé lára fèrèsé ti rojọ́ tán fún olùyẹ̀wò. Ti Ṣọ́bìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó pẹ́ nínú omi tó, ìrù okùn kan wà tí èèyàn máa fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á tú pẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìrù náà lè fi eyín fà á di ọ̀la.

Bàbá rẹ̀ ló ni kókó náà. Okùn ìdákọ̀ró ló gé àtàǹpàkò ọ̀tún bàbá yẹn dànù, bó ṣe wá ọ̀nà tí ọwọ́ òsì nìkan fi lè so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Á yí okùn po lẹ́ẹ̀mejì sápá òsì, á wá ki ìrù rẹ̀ padà sábẹ́ ìyípo àkọ́kọ́. Ó kọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, ó kú. Nítorí náà, èèyàn méjì péré ló mọ kókó yẹn ta láyé ńbí, Ṣọ́bìrì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ Ṣọ́bìrì láti ọmọ ọdún méje. Apẹja ni, ọkọ̀ onígi kékeré kan ló fi ń pẹja létí òkun. Inú ọkọ̀ yẹn náà ni Ṣọ́bìrì ti dàgbà, kó tó di pé àwọn ọkọ̀ edé ńlá dé sí apá omi náà, tó sì bá wọn lọ nítorí owó oṣù. Ọlọ́wọ́ire ni gbogbo apẹja ń pe ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á ní tí ọkùnrin yìí bá fọwọ́ kan omi, ẹja ọ̀bọ̀kún á jáde wá kí i, á tún béèrè àlàáfíà ilé. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i, kì í jẹ́ kó hàn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ náà wá ń jáwé. Ẹja ń dín kù. Ó kọ́kọ́ ní omi ló gbóná jù. Ó ní àwọ̀n òun ló ti gbó, ó hun òmíràn. Àwọn apẹja tó kéré sí i lọ́jọ́ orí fi omi sílẹ̀, wọ́n lọ ń wa alùpùpù, kò wá sí ẹni tí yóò bi bóyá bó ṣe ń rí fún òun náà ló ń rí fún wọn. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn dá lẹ́bi mọ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ mi ti kú," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé níbi tó jìnnà sí omi ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Lọ́dún yìí, ó gbà. Òpin oṣù ni ọmọ máa wá kó wọn, wọ́n á sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Tí Ṣọ́bìrì bá sì délé, ìbéèrè kan náà ló ń bá pàdé.

"Ìwọ tó ń dé ibi tó jìn, níbo gan-an ni ọ̀bọ̀kún kó lọ?"

"Òkun gbòòrò, Ẹ̀gbọ́n."

Ìyẹn lohun tó ń sọ fún ẹni tó tọ́ ọ. Ṣé ó mọ̀ ni àbí kò mọ̀? Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé eyín òun ti jẹrà, tí kò fẹ́ fi ahọ́n kàn án.

Ní ìrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yìí, ibi tó jìn kò lédé. Ọ̀gá yí ọkọ̀ padà sẹ́bàá ilẹ̀, sínú omi tí wọ́n ní kí ọkọ̀ ńlá má dé, ibi tí ẹja kékeré ti ń dàgbà. Wọ́n ti fa àwọ̀n títí ó fi kún, kó tó lọ kọ́ mọ́ nǹkan nísàlẹ̀. Okùn irin já gbàù, gbogbo ìdí àwọ̀n bá omi lọ tòun ti fèrèsé. Ọ̀gá ṣépè fún òkun, ó ṣépè fún okùn, ó ku díẹ̀ kó ṣépè fún Kúùkù tó kàn ń bó iṣu tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ju àwọ̀n mìíràn sómi. Ṣọ́bìrì ti fèrèsé rẹ̀, kò sì ronú kan èyí tó lọ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tó délé, ó wọ bàtà, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló bá ní yàrá iwájú, tó ń di aṣọ sínú báàgì.

"Ọkọ mi kékeré! Ẹ dé? Ẹ ti gbẹ o! Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń fún wa, ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Láti ìjẹta ni wọ́n ti jókòó ti àwọ̀n kan tí wọ́n fà nínú omi. Mo ní kí wọ́n jù ú nù, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Òórùn yẹn máa lé wa jáde kí ọmọ tó wá kó wa."

Ó gba àárín ilé kọjá. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti rí àwọ̀n náà, aláwọ̀ ewé, okùn rẹ̀ nípọn, ó sì ní ibi tí wọ́n fi okùn pupa lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi okùn pupa yẹn lẹ̀ ẹ́ lóṣù tó kọjá.

"Jókòó," ẹ̀gbọ́n wí, kò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Iṣẹ́ wo? Mo ní kí n lọ dágbére fún omi lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Mo ju àwọ̀n mi. Mo fà á, kò gbọ́. Mo tún fà á. Àbúrò, ó wúwo! Mo ní háà, ọwọ́ mi ti padà dé. Mo pariwo lójú omi bí ọmọdé. Mo pe ọ̀rẹ́ mi tó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀ lókèèrè, mo ní kó wá o, Ọlọ́wọ́ire ti jí! A jọ fà á títí apá fi ń ro wá. Ó yọ." Ó fọwọ́ kan àwọ̀n náà. "Àwọ̀n mi ti ya mọ́ èyí lára. Ọ̀bọ̀kún ló kún inú rẹ̀. Kéékèèké. Gbogbo wọn ti jẹrà. Mo ń kà wọ́n, mo ka igba, mi ò tíì kúrò ní ojú kan. Ọ̀rẹ́ mi kàn rọra wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ."

Ṣọ́bìrì jókòó tì í.

"Mo ti ń bi ọ́ tipẹ́ pé níbo ni wọ́n kó lọ," ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú. Ó fa apá kan àwọ̀n náà sórí orúnkún rẹ̀. "Wò ó, ihò kan wà níbí. Mo rí i, mo ní ẹni tó ṣe eléyìí láàánú. Mo tún wò ó, mo rí i pé ẹnì kan ti fi okùn dí i. Gbogbo okùn tó kù ni mo fọ̀bẹ gé. Èyí nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn. Tú u fún mi."

Kókó bàbá wọn ni. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì sápá òsì, ìrù rẹ̀ wọ abẹ́ ìyípo àkọ́kọ́.

Ó lè díbọ́n. Ẹ má rò pé kò wá sí i lọ́kàn. Ó lè fi ìka họ ọ́, ó lè fi eyín fà á, kó ní, "Ó mà le o, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi lọ́bẹ." Ẹ̀gbọ́n ì bá gbà, bóyá ohun tó tilẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ń fẹ́ agbára, agbára kankan kò sì kù lára Ṣọ́bìrì. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dá lọ síbi ìrù okùn náà. Ó fà á. Kókó tú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n pè láti inú ilé pé ṣé wọ́n ti jù ú nù.

"Ọdún mélòó?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Mọ́kànlá, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n fi ìka kà á, ó tún un kà. Ó wá la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí orúnkún, ó ń wò wọ́n, ó yí wọn padà, ó wo ẹ̀yìn wọn.

"Mo rò pé ọwọ́ mi ni," ó wí.

Ojú ti Ṣọ́bìrì. Ojú tì í débi pé kò lè bẹ̀bẹ̀, torí kí ni yóò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí rẹ̀ ji òun? Ọdún mọ́kànlá tí àgbàlagbà fi ń wá ohun tó máa dá lẹ́bi, títí ó fi dórí ọwọ́ ara rẹ̀? Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi apá aṣọ nù ún, òmíràn tún bọ́.

"Dákẹ́," ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi kọ́ ni màá lé ọ kúrò nídìí iṣẹ́ tó ń bọ́ ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n bàbá wa kò fi kókó yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó fi ń so ọkọ̀ kí omi má gbé e lọ ni." Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Ó kọjú sínú ilé. "Ìyá wọn! Tú báàgì yẹn. Sọ fún ọmọ kó má tíì wá. Màá lo sáà kan sí i lórí omi, kí n mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ni lóòótọ́."

"Ẹ gbà mí o! Báàgì tí mo ti ń dì láti àárọ̀?"

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọkọ̀ edé gbéra láàárọ̀. Olùyẹ̀wò wo fèrèsé, ó tẹ òǹtẹ̀. Èbúté lọ, ilẹ̀ lọ. Ohùn Ọ̀gá jáde láti òkè bó ṣe máa ń jáde.

"Ṣọ́bìrì, ti fèrèsé!"

Ó mú okùn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì sápá òsì. Ó dé ibi tó yẹ kó ki ìrù rẹ̀ sábẹ́ ìyípo àkọ́kọ́, ó gbé e gba òkè. Ẹni tó bá wò ó kò lè mọ ìyàtọ̀. Tó bá wà ní gbígbẹ, kò ní yẹ̀. Tó bá dé ìsàlẹ̀ omi, tí nǹkan bá rọra fà á, kò ní sí ohun tó dì í mú. Wọ́n ju àwọ̀n náà sómi, ó lọ jókòó.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, àwọ̀n gòkè. Òkìtì tó dà sílẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Kúùkù fi yọ orí jáde láti ilé ìdáná.

"Ṣé àwọ̀n ya ni?"

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣa edé. Edé fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agbọ̀n kan, bí ẹ̀kúnwọ́ méjì péré ló dín. Ìyókù kò ju agbọ̀n mẹ́ta lọ. Kíá ni iṣẹ́ parí, àwọn méjì tó ń bá a ṣa edé ń wo ara wọn, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa fi àkókò tó kù ṣe.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn àwọ̀n, ó rí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, okùn ń rọ̀ lára rẹ̀.

"Ta ló ti eléyìí?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Kókó tìẹ? Kókó tìẹ ló tú? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, kò tú rí!"

Kúùkù ní òun lè ti i fún wọn. Ọ̀gá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Tí o bá ti i tán, ta ni yóò tú u tí àwọn olùyẹ̀wò bá yọ sí wa? Padà sídìí ìkòkò rẹ." Ó dúró, ó ń mí kíkankíkan. Kókó Ṣọ́bìrì kò ṣeé gbára lé mọ́, kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n ta, kò sì ní fi ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìrìn yìí," ó wí níkẹyìn. Ó wá yíjú sí Ṣọ́bìrì. "Kí ló ṣe ẹ́ gan-an?"

Ṣọ́bìrì na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí Ọ̀gá lè rí wọn, bí wọ́n ṣe wú, bí èékánná wọn ṣe ti jẹ dànù.

"Ọwọ́ mi ni, Ọ̀gá. Ọwọ́ mi ti kú."

Ọ̀gá wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Inú tó ń bí i rọlẹ̀, àánú díẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀.

"Tí a bá padà dé èbúté, kó o máa gbélé. Màá wá ọwọ́ mìíràn." Ó ti fẹ́ máa lọ kó tó tún dúró. "Ọwọ́ tó dáa ni tẹ́lẹ̀ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," Ṣọ́bìrì wí. "Ọwọ́ tó dáa ni."

Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Agbọ̀n mẹ́ta ló ń dúró dè é. Ó wo apá ibi tí ilẹ̀ wà, kò rí nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ padà, ó sì kọ́kọ́ ṣa àwọn tó ṣì ń ta pútúpútú jù sómi.